Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ni Kí Ráútà Inú Ilé Kọ́kọ́ Dá Lóhùn?

Lẹ́tà tó ń wọlé sí ojú ìwé yìí lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ti pọ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ìpàdé ti bọ́ sórí ẹ̀rọ. Mẹ́rin tó wá láti Èkìtì ni mo mú fún oṣù yìí, nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n jọ ń béèrè: nígbà tí ẹ̀rọ púpọ̀ bá ń pín ìlà kan lò, báwo ni a ṣe lè mú kí èyí tó ṣe pàtàkì jù kọ́kọ́ rí ọ̀nà kọjá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Bàsírì ní Adó-Èkìtì ni mò ń gbé. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun ní èdè wa lórí Zoom ní alaalẹ́, láti aago méje sí aago mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nílé, ohùn mi máa ń já gaara, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá ti dé pẹ̀lú fóònù wọn, tí bàbá wọn náà sì tan tẹlifíṣọ̀n, ohùn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gé kélekèle, àwòrán mi á sì dúró gbagidi. Ìlà fibre ni a ń lò. A ti sanwó kún un kí ó lè di 20 Mbps, síbẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Ọkọ mi ní kí a ra ráútà mìíràn. Ẹnì kan sì sọ fún mi pé ibì kan wà nínú ráútà tí ènìyàn ti lè pàṣẹ fún un pé kọ̀ǹpútà tèmi ni kí ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé mi ò ní máa fìyà jẹ àwọn tó kù nínú ilé? — Ìyá Olùkọ́, Bàsírì, Adó-Èkìtì.

Ìyá wa, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Òótọ́ ni ẹni náà sọ. QoS ni ọ̀pọ̀ ráútà ń pe ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń gé ohùn yín gan-an, nítorí ibi tí ẹ fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ.

Kíláàsì Zoom tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ sì mọ́ dáadáa, kò gbà ju nǹkan bí 3 Mbps lọ (Mbps ni òṣùwọ̀n bí ìlà ṣe yára tó). Netflix sọ pé 5 Mbps tó fún fíìmù tó mọ́ dé 1080p. Fóònù méjì tó ń wo YouTube ní 720p lè gba nǹkan bí 5 Mbps láàárín ara wọn. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 13 Mbps ni, kò sì tíì dé 20. Ìdí nìyẹn tí owó tí ẹ fi kún un kò fi ràn yín lọ́wọ́, ìdí náà sì nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé kí ẹ tètè lọ ra ráútà mìíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìhà méjì ni gbogbo ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ní: ìhà tí nǹkan ń gbà wọlé sínú ilé, àti ìhà tí nǹkan ń gbà jáde. Iye tí àwọn tó ń ta ìlà sábà máa ń kọ gàdàgbà síta ni ti ìwọlé. Ti ìjáde lè kéré sí i púpọ̀. Ohùn yín àti àwòrán yín, ìhà ìjáde ni wọ́n ń gbà lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Nígbà tí àwọn ọmọ bá sì dé láti ìta, tí fóònù wọn rí Wi-Fi, bí wọ́n bá ti tan ìpamọ́ Google Photos sílẹ̀, gbogbo fọ́tò àti fídíò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Fídíò ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi fóònù òde òní yà lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì. Gbogbo rẹ̀ máa ń tò sínú ráútà, ohùn yín yóò sì wà lẹ́yìn wọn, bí ẹni tó gbé ife kan ṣoṣo wá síbi ẹ̀rọ omi tó wá bá ẹlòmíràn tó ti to àgbá mẹ́wàá síwájú.

Ẹni tó ń wo YouTube kò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé fídíò máa ń kó díẹ̀ pamọ́ ṣáájú kí ó tó dé ibi tí ojú ń wò. Ohùn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, dámọ̀ràn pé bí ohùn kò bá pẹ́ ju 150 mílísẹ́kọ́ńdì lọ láti ẹnu ẹnì kan dé etí ẹnì kejì, ìtàkùrọ̀sọ á lọ geerege. Ráútà tí ẹrù kún inú rẹ̀ lè dá ohùn dúró ju ìlọ́po mélòó kan iye yẹn lọ, èyí tó bá sì pẹ́ jù, Zoom kò tún ní lò ó mọ́, yóò sọ ọ́ nù. Èyí tó sọ nù yẹn ni àwọn ọmọ ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ohùn tó ń gé.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ ṣí fast.com lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Show more info sí. Lábẹ́ Latency, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà, ẹ ó rí iye méjì ní mílísẹ́kọ́ńdì: Unloaded ni ti ìgbà tí ìlà wà lófìfo, Loaded sì ni ti ìgbà tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Bí èkíní bá jẹ́ 30, tí èkejì sì fò lọ sí 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti rí arùfín náà. Jim Gettys, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ nípa ìṣòro yìí ní nǹkan bí 2010, ó sì pè é ní bufferbloat. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ọ̀nà kan tí wọ́n pè ní CoDel jáde láti fi tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá wọ ojú ìwé QoS ráútà yín tí ẹ rí fq_codel tàbí CAKE nínú ohun tí wọ́n ní kí ẹ yàn, ẹ yàn án láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: ọmọ àti ọmọ-ọmọ CoDel ni wọ́n, ju gbogbo ètò mìíràn tí mo mọ̀ lọ ni mo sì fọkàn tán wọn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìlà ẹnì kan gùn débi tí ohùn ẹlòmíràn á fi há sẹ́yìn rẹ̀.

Ó kan títún un ṣe wàyí. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìlà yín ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí ẹ máa ń kọ́ni gan-an, kí ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà pẹ̀lú wáyà, kí àwọn tó kù sì fi fóònù wọn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ sì mú iye tó kéré jù, ti ìwọlé lọ́tọ̀, ti ìjáde lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí lórí ẹ̀rọ. Èyí tó jẹ́ ti ráútà yín àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sábà máa ń wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà náà. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ wá QoS.

Ráútà yóò bi yín pé báwo ni ìlà yín ṣe yára tó. Ẹ má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí ẹ bá rí 20 Mbps ní ìwọlé, ẹ kọ 17. Bí ẹ bá rí 10 ní ìjáde, ẹ kọ 8.5. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí ń ká lára, wọ́n á ní owó tí àwọn san ni wọ́n ń fi tọrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ráútà bá ń tú ẹrù jáde ju bí ìlà ṣe lè gbé e lọ, ẹrù náà á lọ tò sínú ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá tàbí sí ọ̀dọ̀ àwọn fúnra wọn, níbi tí àṣẹ ráútà yín kò dé. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹrù dúró sí ọwọ́ ráútà yín, kí ó lè yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá. Ẹni tó bá fo ibí yìí, tó kàn lọ yan kọ̀ǹpútà kan ní ààyò, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ fojú sí òṣùwọ̀n tí ráútà ń lò dáadáa. Àwọn kan ń béèrè Mbps, àwọn mìíràn ń béèrè Kbps, 17 Mbps sì jẹ́ 17,000 Kbps. Ẹni tó bá kọ 17 lásán síbi tí wọ́n ti ń béèrè Kbps ti fún gbogbo ilé lọ́rùn pa, kò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó yan kọ̀ǹpútà yín nínú orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ipò gíga. Àwọn ráútà kan á bi yín bóyá fún wákàtí kan ni, tàbí títí lọ; wákàtí tí ẹ fi ń kọ́ni ti tó. Ẹ rántí pé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ lórí wáyà yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ lórí Wi-Fi, nítorí náà ọ̀nà tí ẹ fẹ́ máa fi kọ́ni ni kí ẹ fi so ó nígbà tí ẹ bá ń yàn án. Ní ti fóònù, àwọn tó ń lo Android 10 síwájú àti iOS 14 síwájú lè máa fi nọ́ńbà àfidípò hàn. Bí orúkọ tí ẹ kò mọ̀ bá yọjú, ẹ má bẹ̀rù pé olè ti wọlé, kí ẹ kọ́kọ́ wo inú fóònù àwọn ọmọ.

Ní ti ìyà tí ẹ bẹ̀rù pé ẹ ó fi jẹ wọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ààyò nínú QoS kì í ṣiṣẹ́ àfi nígbà tí ìlà bá kún. Bí ẹ kò bá kọ́ni, ẹlòmíràn ló ń lo gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń kọ́ni, nǹkan bí 3 Mbps ni ẹ ń gbà, fọ́tò àwọn ọmọ yóò kàn pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ibi ìpamọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ jálẹ̀ ni kí bàbá wọn náà tún ní kí ẹ fi tẹlifíṣọ̀n sí ipò gíga, kí ọmọ kan sì ní kí ẹ fi eré tòun sí i. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá wà ní ipò gíga, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ọyẹ́-Èkìtì. Àwa mẹ́rin la jọ dáwó ra ráútà tó ń lo káàdì SIM. Ọ̀kan nínú wa kì í dẹ́kun wíwa fíìmù sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣí ojú ìwé kan mọ́. Mo wọn ìlà ní òru, mo rí 25 Mbps, mo sì kọ 22 sínú QoS gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á níbì kan. Ní òru ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ní aago mẹ́jọ alẹ́, ṣe ni ó dà bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọyẹ́-Èkìtì.

Ohun tí ẹ kọ dára, wákàtí tí ẹ wọn ìlà náà ni kò bá ọ̀rọ̀ mu. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òpó kan náà ló jọ ń pín ohun tí òpó náà ní. Ní ìlú yunifásítì bíi Ọyẹ́, ẹ mọ iye fóònù tó ń ji ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí ìlà bá lọ sílẹ̀ sí 6 Mbps ní ìrọ̀lẹ́, tí ráútà yín sì ṣì gbà pé 22 ni òun ní, kò ní rí ìdí kankan láti dá ẹnikẹ́ni dúró, ẹrù á sì tò sí ibi tí ọwọ́ yín kò tó. Ìlà fibre máa ń dúró sójú kan ju èyí lọ. Mo sì gbà pé ohun tó dára ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe ní 2020 nígbà tó dín owó tí ilé iṣẹ́ ń san láti gbẹ́ ilẹ̀ fún irú wáyà bẹ́ẹ̀ kù gidigidi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì dé ojúlé rẹ̀ ní láti ṣètò ohun tó wà lọ́wọ́.

Lórí ìlà SIM, dípò gbígbé ẹnì kan sókè, ẹ dín ọwọ́ ẹni tó ń gbà jù kù. Ẹ wá Bandwidth Control tàbí Speed Limit nínú ráútà yín, kí ẹ sì fi òpin sí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń wa fíìmù yẹn, bíi 2 Mbps ní ìwọlé, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago mọ́kànlá alẹ́, bí ráútà yín bá gba àkókò. Fíìmù tó tó 1 GB, tí ìbá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lórí 10 Mbps, yóò gba wákàtí kan ó lé díẹ̀ lórí 2 Mbps. Yóò ṣì dé. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó ṣe é. Ẹni tí ẹ bá ṣe é fún lẹ́yìn lè tẹ ráútà náà padà sí bí ó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á, gbogbo ètò yín á sì parẹ́.

Ẹ tún bi í bóyá torrent ló fi ń wa fíìmù náà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn bí ó ṣe ń gbà á, ìhà ìjáde yín tó kéré tẹ́lẹ̀ sì ni ó ń gbà. Ẹ fi òpin sí ìhà ìjáde rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ráútà yín bá sì gba OpenWrt, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò èyí tó bá ráútà wá, ètò kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní cake-autorate, tó máa ń wo bí ìlà ṣe ń lọ tó sì ń yí iye náà padà fúnra rẹ̀. Fún ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ bíi tiyín, kíkọ́ bí a ṣe ń lò ó tó ohun tí ènìyàn ń fi àkókò sí. Ohun tí QoS kò lè ṣe fún yín ni kí ó dín dátà tí ẹ rà kù ní jíjẹ: 1 GB ṣì ni 1 GB, yálà ó yára dé tàbí ó rọra dé.

Mo ti fi tẹlifíṣọ̀n tó wà ní yàrá mi sí ipò tó ga jù nínú ráútà, ó ṣì ń dúró tó ń yí róbótó. Fóònù tí mo ń lò ní pálọ̀ kò sì ní ìṣòro rárá. — Bàbá Àgbà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Bàbá, mo gbà pé ìṣòro yín kò sí nínú ìlà, inú afẹ́fẹ́ ilé ló wà. Ẹ mú fóònù kan náà tí ẹ ń lò ní pálọ̀, ẹ gbé e lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n náà, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yàrá. Bí òun náà bá ń fà níbẹ̀, QoS kò ní oògùn fún un, nítorí pé ẹrù náà ti kúrò lọ́wọ́ ráútà kí wàhálà tó dé bá a. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta máa ń gba agbára lọ́wọ́ Wi-Fi, pàápàá Wi-Fi 5 GHz, tó yára ṣùgbọ́n tí kò lè la ògiri kọjá bíi ti 2.4 GHz. Ẹ gbìyànjú 2.4 GHz fún tẹlifíṣọ̀n náà. Ẹ gbé ráútà kúrò nílẹ̀ tàbí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, kí ó wà lókè, ní àárín ilé.

Bí ẹ bá sì lè ná owó díẹ̀, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fa wáyà Cat5e láti ráútà dé yàrá yín. Ó lè lọ tó 100 mítà láìsí ìdíwọ́, gbogbo ilé ló sì máa jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tó jìnnà sí ráútà máa ń pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ kí ó tó gba ìwọ̀nba díẹ̀, àwọn tó kù á sì máa dúró dè é. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò nínú ráútà ni WMM, ètò tó ń fi ohùn àti fídíò ṣáájú lórí Wi-Fi: ẹ rí i pé ó wà ní títàn. Bí ẹnì kan bá ti pa á, Wi-Fi yín kò ní lè yára ju 54 Mbps lọ, bó ti wù kí ráútà náà jẹ́ tuntun tó.

Mo wá gbogbo inú ráútà tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, mi ò rí QoS. Ṣé ó di dandan kí n ra òmíràn? — Oníṣòwò, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Kò di dandan lónìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nínú Google Photos, ẹ pa ìpamọ́ ní ọ̀sán, kí ẹ tàn án nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ wá Delivery Optimization, kí ẹ sì pa ibi tó ti ń gbà kí kọ̀ǹpútà yín máa pín àtúnṣe Windows fún kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn. Lórí YouTube, 480p ń gba nǹkan bí 1.1 Mbps, ó sì tó fún ojú fóònù. Mo ti rí ilé tí nǹkan mẹ́ta yìí nìkan tún ìlà wọn ṣe.

Bí ó bá wá di pé ẹ fẹ́ rà á, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye eriali fà yín lójú. Ẹ ní kí òǹtajà tan ráútà náà níwájú yín kí ẹ tó sanwó, kí ó ṣí ojú ìwé QoS rẹ̀, kí ó sì fi ibi tí a ti ń kọ iye ìwọlé àti iye ìjáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ hàn yín. Bí ìjáde kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo ráútà mìíràn.